Ẹ Wọn Pálọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Lẹ́ńsì

Ẹni tó bá fẹ́ ra lẹ́ńsì tí yóò máa fi ya fótò nínú ilé, téèpù tí káfíńtà fi ń wọn pákó ló yẹ kó kọ́kọ́ wá. Kó wọn pálọ̀ tó ti máa ń ṣiṣẹ́, láti ògiri kan dé ìkejì. Kó yọ ẹsẹ̀ bàtà 2 fún ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò fẹ̀yìn tì, kó tún yọ 2 mìíràn fún àga àti àlàfo tó wà lẹ́yìn ẹni tí yóò yà. Iye tó bá ṣẹ́ kù ni gbogbo àyè tí lẹ́ńsì náà ní. Nínú pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12, irú èyí tí a máa ń bá pàdé níbi ìkómọ ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Agége, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju 8 lọ.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ láàárín àwa onífótò. Wọ́n á ní 50mm ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà, bí owó bá sì tún dé, kó fi 85mm lé e. Ìmọ̀ràn náà kò burú fún ẹni tó ní àyè. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, pẹ̀lú irú fótò tí àwọn èèyàn wa ń fẹ́, ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ náwó sórí ohun tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Ó ń dùn mí, torí owó tí wọ́n fi rà á kì í ṣe owó kékeré.

Nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ńsì, ì báà jẹ́ 24mm tàbí 85mm, bí ojú lẹ́ńsì náà ṣe gbòòrò tó ló ń sọ. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe kó nǹkan púpọ̀ wọlé tó. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fa ohun tó jìnnà mọ́ra, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò sì máa gé kúrò. Lẹ́ńsì práìmù ni èyí tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kò ní ibi tí a ń yí láti fi fa èèyàn súnmọ́ tàbí láti fi tì í sẹ́yìn bíi ti 18-55mm tó máa ń bá kámẹ́rà wá. Ẹsẹ̀ ayàwòrán ni súùmù rẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì lè wọ inú ògiri lọ.

Kí ló wá dé tí à ń ra práìmù nígbà tí súùmù wà? Ìmọ́lẹ̀ ni. Inú ilé ṣókùnkùn ju bí ojú wa ṣe ń rí i lọ, torí ojú a máa tètè bá òkùnkùn mu, kámẹ́rà kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́ńsì 18-55mm yẹn lè là dé f/3.5 nígbà tó bá wà ní 18mm (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú lẹ́ńsì ṣe là tó). Tí a bá ti fà á dé 55mm, f/5.6 ni agbára rẹ̀ mọ. Práìmù tí kò wọ́n rárá a máa là dé f/1.8. Ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ti f/5.6. Níbi tí súùmù bá ti fi dandan gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, lọ sí 6400, tí ara èèyàn wá kún fún àmì wínníwínní, práìmù lè ṣe é ní nǹkan bí 640, kí àwọ̀ ara dúdú wa jáde bó ṣe rí gan-an, kí ọnà ara aṣọ òkè sì hàn kedere. Ẹni tó bá ti ya ẹtù tàbí sányán nínú yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn sí mọ ohun tí mò ń wí.

Iná ìjọba lọ́dọ̀ wa náà ní tirẹ̀. Ó ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù á sì máa tàn, á tún máa rọ̀, ní ìgbà 100 láàárín àkókò yẹn. Bí ṣọ́tà bá yá jù lábẹ́ gílóòbù LED tí kò dára, ìlà dúdú á là á kọjá lára fótò. Ìdí nìyí tí ṣọ́tà 1/100 ìṣẹ́jú àáyá fi dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ó sì tó fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́ńsì tó lajú dáadáa ni yóò jẹ́ kí ẹ lè lò ó láìtan fúláàṣì sí ọmọ tuntun lójú.

Nígbà tí adarí fíìmù Stanley Kubrick ń ya fíìmù Barry Lyndon tó jáde ní 1975, ó fẹ́ kó jẹ́ àbẹ́là ni yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn ìran kan nínú ilé. Lẹ́ńsì Zeiss 50mm tó là dé f/0.7, tí wọ́n ṣe fún NASA, ló wá lọ. Àwọn ìran náà rẹwà títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré kò lè rìn síwá sẹ́yìn bó ṣe wù wọ́n, torí bí wọ́n bá sún díẹ̀ báyìí, ojú wọn á ti di bàìbàì. Ìṣòro yẹn ń dúró de àwa náà ní f/1.8, a ó dé ibẹ̀.

Ìṣirò ìbú ibi tí lẹ́ńsì ń gbà kò le rárá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nọ́ńbà 36 tó wà nínú rẹ̀ ti wá. Ní 1925 ni ilé iṣẹ́ Leitz ní Jámánì gbé kámẹ́rà Leica tí Oskar Barnack ṣe síta fún títà. Fíìmù sinimá ló ń lò, àwòrán kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 36 ní ìbú, 24 ní gíga. Ìwọ̀n yẹn náà ni sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà tí à ń pè ní full frame ń tẹ̀ lé títí dòní. Lẹ́ńsì 50mm ni wọ́n fi sára Leica yẹn, èyí sì wà lára ohun tó mú kí 50mm di àkọ́kọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ fótò. Kò sẹ́ni tó wọn pálọ̀ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó yàn án.

Ẹ mú iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín yín àti ẹni tí ẹ fẹ́ yà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 36, kí ẹ wá fi nọ́ńbà lẹ́ńsì pín in. Ohun tó bá jáde ni ìbú ibi tí fótò yóò gbà. Láti ẹsẹ̀ bàtà 8, 24mm á gba ibi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12. 35mm á gba 8 àti díẹ̀. 50mm á gba 6 ó dín díẹ̀. 85mm kò ní gba ju 3 àti ààbọ̀ lọ, ìyẹn èèyàn kan láti àyà sókè.

Full frame nìyẹn o. Kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Canon 600D àti 700D, Nikon D3200 àti D5300, crop ni gbogbo wọn. Sẹ́ńsọ̀ wọn kéré: ti Nikon àti ti Sony jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 23.5 ní ìbú, ti Canon jẹ́ nǹkan bíi 22.3. Ẹ fi èyí tó bá jẹ́ tiyín rọ́pò 36 nínú ìṣirò náà. Lórí Canon crop, 50mm tí gbogbo ayé ń yìn yẹn kò ní gbà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀ láti ibi ẹsẹ̀ bàtà 8 kan náà. Ó ti di 85mm mọ́ yín lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ á wá máa fi ẹ̀yìn rá ògiri, á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tún máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn.

Irú fótò wo wá ni àwọn èèyàn wa ń fẹ́? Odindi èèyàn ni. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí láàárín àwọn onífótò ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa èyí nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó ṣàlàyé bí àgbàlagbà Yorùbá ṣe ń jókòó fún fótò: á wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù lọ, á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, á gbé ọwọ́ lé itan, onífótò á sì gbà á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ lọ ya ìyá ọmọ níbi ìkómọ lónìí, kí ẹ gé bàtà rẹ̀ kúrò nínú fótò, kí ẹ wá wo ojú tí yóò fi wò yín. Bàtà yẹn bá báàgì rẹ̀ mu. Ó ti jí láàárọ̀ kùtù lọ wé gèlè.

Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Àwọn olùkọ́ òkèèrè á máa yin bí 85mm ṣe ń pa ẹ̀yìn rẹ́ pátápátá tí ojú nìkan á kù. Nínú fótò ìnáwó wa, ta ló wà lẹ́yìn? Ìyá àgbà ló jókòó síbẹ̀, àwọn àǹtí tó wọ aṣọ ẹbí ló tò síbẹ̀, dẹkoréṣọ̀n tí wọ́n san owó rẹpẹtẹ fún ló wà níbẹ̀. Ogún ọdún sí i, ẹni tí wọ́n máa wá nínú fótò yẹn lè jẹ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn, kó má jẹ́ ẹni iwájú. Mi ò rò pé ó yẹ ká sọ wọ́n di bàìbàì nítorí àṣà tó wà lóde.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìṣirò. Obìnrin tó ga níwọ̀n, tó wé gèlè, tó wọ bàtà gogoro, máa gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 nínú fótò tí a bá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Bí a bá dá kámẹ́rà dúró lóòró, 50mm lórí full frame gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 kó tó lè gbà á tán. 85mm ń fẹ́ ju 16 lọ. 35mm ń fẹ́ 7 péré. Lórí crop ti Nikon, 50mm ń fẹ́ nǹkan bíi 15, 35mm ń fẹ́ 10 àti díẹ̀, 24mm ń fẹ́ 7 àti díẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni pálọ̀ wa fún wa.

Mo ti wá sọ ibi tí mò ń lọ: fún inú ilé, 35mm lórí full frame, tàbí 24mm lórí crop, ni ẹni tí owó rẹ̀ ká ẹyọ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ ọmọ. Àga tò mọ́ ògiri mẹ́ta. Tábìlì kékeré wà láàárín, oyin, iyọ̀, omi, obì, orógbó àti ataare wà nínú àwo lórí rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kọ́tìnnì sì bo ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ayàwòrán ni kó ká kọ́tìnnì yẹn sókè, kó fi sùúrù bẹ ẹni tó jókòó dí fèrèsé pé kó sún díẹ̀. Lẹ́yìn náà kó lọ dúró sí igun ilé, kì í ṣe àárín ògiri. Láti igun dé igun nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ́nà méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 17 ni; ó ti jèrè 5 lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀, 35mm á gba ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, àwọn òbí àgbà àti tábìlì pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wá ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, kó rọra wọlé, kó kúnlẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ bàtà 3 yóò wà láàárín òun àti ọmọ. Níbẹ̀, 35mm kan náà ń gba ibi tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ ní ìbú: ìka Ìyá àgbà tí oyin ń kán lórí rẹ̀, ètè ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ọ wò, apá ìyá tó gbé e. Kó gbé ojú lẹ́ńsì sí f/2.8, kí ìka àti ẹnu ọmọ lè jọ hàn pọ̀. Igun ilé àti ìkúnlẹ̀, lẹ́ńsì kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì, kò sì sí àkókò tí ó fi ń pààrọ̀ lẹ́ńsì kí oyin tó tán lẹ́nu ọmọ.

Ìṣirò kan náà ni fún àwọn èèyàn wa tó ń sọ ọmọ lórúkọ nínú fúláàtì ní London, àfi pé oòrùn ibẹ̀ a ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù láàárín oṣù Kejìlá. Kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàìbàì tí mo ní a ó dé rèé. Bí 50mm bá wà ní f/1.8 lórí full frame, tí ẹni tí à ń yà sì jìnnà tó mítà 2, ibi tí yóò hàn kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ti 85mm kò ju 6 lọ: ojú hàn, etí ti ń rú. Ti 35mm tó nǹkan bíi 35. Nítorí náà, bí ẹbí bá tò ní ìlà méjì, ẹ má fi f/1.8 yà wọ́n, bó ti wù kí fèrèsé ṣókùnkùn tó. Ẹ gbé e sí f/4, kí ẹ sì lo 35mm láti mítà 2 àti ààbọ̀. Ìlà méjèèjì á hàn dáadáa, torí ibi tó mọ́ kedere á lé ní mítà kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá sọ nù, ẹ fi fúláàṣì tí ẹ kọjú rẹ̀ sí àjà funfun dí i. Bí wọ́n bá kun àjà ní àwọ̀ mìíràn, ẹ má dán an wò, àwọ̀ yẹn ló máa padà wá sójú àwọn èèyàn.

Lẹ́ńsì tó gbòòrò ní èèwọ̀ tirẹ̀. 24mm lórí full frame máa ń na ohun tó bá wà létí fótò. Orí á gùn, apá á sanra, agbádá tó ti tóbi tẹ́lẹ̀ á wá di àgọ́. Ẹ má ṣe fi àgbàlagbà sí etí rárá. Àárín ni kí wọ́n wà, ipò wọn náà sì nìyẹn. Ẹ gbé kámẹ́rà wá sí ìwọ̀n àyà tàbí ìbàdí ẹni tí ẹ ń yà, kí ẹ jẹ́ kó dọ́gba. Bí ẹ bá dúró gaga tí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn á kúrú, orí á tóbi. Ẹ má sì súnmọ́ ojú ẹnikẹ́ni ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, torí sísúnmọ́ tí ẹ súnmọ́ jù ló ń mú kí imú tóbi, kì í ṣe ẹ̀bi gíláàsì.

Ibi tí 50mm àti 85mm ti ń jọba wà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tí àlùfáà kò gbà kí onífótò kọjá ìlà ìjókòó àkọ́kọ́, 85mm ni yóò mú òrùka tí wọ́n ń fi sí ọwọ́ ìyàwó wá fún yín. Nínú gbọ̀ngàn ìdána náà, ẹ lè fi í gbá ojú ìyá ìyàwó mú láti òdìkejì nígbà tí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́n, kí ó má sì mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí alága ìdúró bá ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna, tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, ọwọ́ yín á tún padà sórí 35mm tàbí 24mm. Ti 50mm lórí crop, ojú ọmọ tó ń sùn ni mo fẹ́ràn rẹ̀ fún jù, lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ tán.

Kí ẹ tó náwó, ẹ lè mọ ìdáhùn láti inú ohun tí ẹ ti ní. Kámẹ́rà ńlá ti fóònù tuntun sábà máa ń rí ibi tí 24mm tàbí 26mm lórí full frame ń rí. Ẹ dúró sí igun pálọ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ wo ohun tó wọlé. Bí ó bá gbòòrò jù fún yín, 35mm ni tiyín. Bí ẹ bá sì ní 18-55mm lórí crop, ẹ yí i sí 24mm, kí ẹ fi sẹ́lótéépù dè é kó má lè yí mọ́, kí ẹ fi ya ìnáwó kan látòkèdélẹ̀. Níbi ìnáwó kejì, ẹ dè é sí 35mm. Bí ẹ bá délé, ẹ óò mọ èyí tó ń há yín mọ́. Àwọn fótò àtijọ́ yín náà lè jẹ́rìí, torí kámẹ́rà ti kọ nọ́ńbà tí ẹ lò sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan.

Tó bá wá kan rírà, ẹni tó ń lo Canon crop yóò rí EF-S 24mm f/2.8 STM, kò là tó f/1.8, ṣùgbọ́n ó kéré, ó fúyẹ́, ó sì ń ríran nínú pálọ̀. Kó rántí pé bó bá ra full frame Canon tó ní dígí nínú (DSLR) lọ́la, lẹ́ńsì EF-S kò ní wọ̀ ọ́. Fún Nikon crop tó ní dígí nínú, 35mm f/1.8G DX ni mo máa mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó há ju 24mm tí mo wí lọ, kí n máa lo igun ilé, kí n sì tọ́jú 18-55mm sínú báàgì fún ẹbí tó bá pọ̀. Tòkunbọ̀ ló máa pọ̀ jù níwájú yín lọ́jà, ẹ sì ṣọ́ra fún lẹ́ńsì Nikon tí wọ́n kọ AF-D sí lára. Owó rẹ̀ máa ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kámẹ́rà bíi D3200 àti D5300 kò ní ẹ̀rọ tó máa yí i. Ọwọ́ ni ẹ ó máa fi fa fókọ́ọ̀sì títí ayé. Ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ sọ́jà, ẹ fi lẹ́ńsì náà sí i níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ ya ojú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ní ojú tó là jù lọ, kí ẹ fẹ ẹyinjú rẹ̀ tóbi lójú kámẹ́rà. Bí ẹyinjú bá hàn kedere, ẹ sanwó. Bí kò bá hàn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.